Abà Kì Í Ṣe Bódìjà: Àyẹ̀wò Ìlànà Ìkọ́lé ní Àwọn Ìletò Wa

Bí a bá dárúkọ ètò ìkọ́lé létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni àmì pupa tí a fi ọ̀dà fà sára ògiri. Àwọn tí ń gbé ìlú ńlá mọ àmì náà dáadáa. Wọ́n mọ ọ́fíìsì tí wọn yóò sáré lọ, wọ́n mọ ìwé tí wọn yóò mú dání, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò bẹ̀ níṣẹ́ láti ya àwòrán ilé. Ṣùgbọ́n ìlú ń fẹ̀ sí i, ìlànà ìlú sì ń bá a rìn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé, ṣé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ilé ní Bódìjà náà ni a ó fi wọn ilé ní abà tí ó wà lẹ́yìn Akufo? Ní tiwa, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí abà wà láìní ìlànà kankan.

A kò sọ èyí láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ìlànà. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, tàbí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omi tún gbé ilé, afárá àti ènìyàn lọ, kò ní béèrè ìdí tí ìjọba fi ń sọ pé kí ilé jìnnà sí odò. Àlàfo tí a ń fi sílẹ̀ láàrin ilé kan àti èkejì, a ń fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí iná má baà ti orí òrùlé kan fò sí òmíràn, kí ọkọ̀ panápaná sì lè rí ọ̀nà gbà. Ìdí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń yẹ̀ wò ni bóyá ìdí kọ̀ọ̀kan wà ní abà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ìlú, àti bóyá àwọn ewu kan wà ní abà tí ìlànà ìlú kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn.

Ìtàn òfin náà fi ibi tí àìbáramu ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1917 pín àwọn ìlú sí ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta, Èkó nìkan ni ó sì wà ní ipò kìíní. Abà kò sí ní ipò kankan. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ni ó fa ìgbìmọ̀ àtúnṣe Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928. Ní 1946 ni òfin ètò ìlú àti ìgbèríko dé. Orúkọ rẹ̀ dárúkọ ìgbèríko lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1932 ni wọ́n wò kọ ọ́, ìgbèríko tí ó sì wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ òfin yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń sá láfún sórí àpáta. Òfin ti 1992 pín iṣẹ́ ètò ìlú láàrin ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, ó sì ka ètò ìgbèríko mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí ó di 2003, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní orílẹ̀-èdè yìí dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pè, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà, àyàfi ní Àbújá. Kò sí ẹni tí ó di ìpínlẹ̀ kankan lọ́wọ́ pé kí ó má kọ ìlànà tí ó bá abà rẹ̀ mu.

Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 pàápàá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àbójútó ilẹ̀ ìlú wà lọ́wọ́ gómìnà, ti ilẹ̀ yòókù wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ó ti ń dáko lórí ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin náà tó dé, abala 36 gbà á láyè láti máa lò ó lọ bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún un. Òfin ilẹ̀ mọ̀ pé ohun méjì ni ìlú àti ìgbèríko. Ìlànà ìkọ́lé ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí púlọ́ọ̀tì. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, tàbí 60 ní 120, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Orí rẹ̀ ni ìlànà ìlú dúró lé: àlàfo tí ilé yóò fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ilé lè gbà, ibi tí ọgbà yóò dé. Abà kò ní púlọ́ọ̀tì. Ilẹ̀ ẹbí ni, ẹbí ni ó sì tẹ ibẹ̀ dó. Bàbá kọ́lé, ọmọ kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àbúrò kọ́ tirẹ̀ dojú kọ ti ẹ̀gbọ́n, àgbàlá tí ó wà láàrin wọn sì di ti gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá kòkó àti àgbàdo, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá, ibẹ̀ ni a ti ń gbé ìyàwó, etí ibẹ̀ náà ni a sin àwọn tí ó ti lọ sí. Bí a bá ní kí olúkúlùkù fi àlàfo sílẹ̀ yí ilé tirẹ̀ ká, kí ó sì mọ ọgbà sí i, a ti gé àgbàlá kan tí ó wúlò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró mẹ́rin tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ ìlànà náà kò ní èrò búburú lọ́kàn. Agbo ilé ni kò sí lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó tẹ̀lé e. Kí àṣẹ ìkọ́lé tó jáde, a ń béèrè ẹ̀rí pé olùbéèrè ni ó ni ilẹ̀, a ń béèrè ìwé ìwọnlẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní sọ́fè, àwòrán ilé tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fọwọ́ sí, àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ ilé alájà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ fi iyàrá méjì kún ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó rí lẹ́yìn ìkórè, ìwé lè wọ́n ju bíríkì lọ. Ilẹ̀ tí ogún ènìyàn jọ ni, orúkọ ta ni yóò wà lórí sọ́fè? Ti Baálẹ̀ tí ó wà lábà ni, tàbí ti Mọ́gàjí tí ó wà ní ìlú? Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé onílé kò ní béèrè àṣẹ rárá. Ó kọ́ ọ tán, a kò mọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ṣáláńgá tí ó gbẹ́ ti súnmọ́ kànga jù.

Ibí yìí ni àdánù náà wà. Ìlànà tí kò báni mu ń ni ará abà lára, a gbà. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń gba àyè tí a ní láti bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè dáàbò bo ẹ̀mí ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ààrẹ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba dópin ní Nàìjíríà títí 2025. Ṣáláńgá dára, ibi tí a gbẹ́ ẹ sí ni iṣẹ́ wà. Ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń fúnni ni pé kí mítà 30 wà láàrin ṣáláńgá àti kànga, kí kànga wà ní apá òkè, kí ṣáláńgá wà ní apá ibi tí ilẹ̀ ti dagun. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wọn púlọ́ọ̀tì ìlú. Ẹsẹ̀ bàtà 100 kò ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ. Nínú púlọ́ọ̀tì kan, kànga àti ṣáláńgá kò lè jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ àfi bí ọ̀kan bá wà ní ìpẹ̀kun iwájú, tí èkejì sì wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, nígbà náà gan-an, aládùúgbò ní tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ní abà, ó ṣeé ṣe pátápátá, nítorí ilẹ̀ kò tíì gé. Agbo ilé kan lè fi ẹnu kò pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo ṣáláńgá yóò wà, òkè ni kànga. Bí a bá wá gbé púlọ́ọ̀tì dé ibẹ̀, a gba ohun kan ṣoṣo tí abà fi sàn ju ìlú lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ẹ̀gẹ́ tún ń bẹ. Ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn, àti ní àwọn abà Ìbàdàn bákan náà, ẹ̀yìn ilé ni àwọn obìnrin ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ti ń fún un, tí wọ́n sì ti ń dín gàrí. Omi tí ó ń ṣàn jáde níbẹ̀ ní oró nínú. Ó ń pa koríko, ó ń pa ẹja, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Ìlànà ìlú kò mọ irú iṣẹ́ yìí sí ara ilé. Bí ó bá rí i, yóò kà á sí iléeṣẹ́, yóò sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́. Ibo ni ìyẹn wà ní abà? Obìnrin tí ó ń dín gàrí lẹ́yìn ilé rẹ̀ ń wo ọmọ, ó ń wo ìkòkò, ó sì ń wo ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá lé e lọ sí ibi tí ó jìnnà, iṣẹ́ náà kú nìyẹn. Ìlànà tí ó mọ̀ ọ́n yóò sọ ohun mẹ́ta péré fún un: bí gọ́tà yóò ṣe gba ibẹ̀, bí kòtò tí omi náà yóò rọ̀ sí yóò ti jìn tó, àti bí yóò ṣe jìnnà sí odò àti kànga. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ìsáǹkan. Gbogbo wa ni a ti rí láfún tí wọ́n sá sí etí ọ̀nà ọ̀dà, tí ọkọ̀ ń kọjá lórí eruku rẹ̀. Kò sí ìlànà ìkọ́lé tí ó ní kí a yọ ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí a fi kọnkéré tẹ́ fún un.

Ìjọba ti gbìyànjú láti ya àwòrán abà rí. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀, èyí tí ó bí Bódìjà. Kò pẹ́ sí i tí ó fi bẹ̀rẹ̀ àwọn ibùdó àgbẹ̀ bí Ìlọ́rà, Akufo, Ìjàyè àti Erúwà, tí wọ́n wò lára ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìjọba kan náà, àsìkò kan náà, àwòrán tí ó gún régé ní ibi méjèèjì. Bódìjà dúró. Ní ibùdó àgbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí ìlà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ìwé, wọ́n sì pín oko fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí sọ pé owó pẹ́ kí ó tó wọlé, àti pé gbèsè wúwo. A kò jiyàn. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé ilé ọkọ, aya àti ọmọ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kò sí àyè fún ìyá ọkọ, kò sí fún àbúrò tí yóò wá bá wọn ro oko, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàlá tí ẹbí yóò gbà pọ̀ sí i. Bódìjà lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ oṣù ni àwọn ará ibẹ̀ ń jáde lọ ṣe. Àgbẹ̀ kò lè dá nìkan gbé kí oko rẹ̀ má di igbó. Nísinsin yìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún Akufo àti Erúwà ṣe fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn yẹ fún àgbéyẹ̀wò nínú ìmọ́lẹ̀ yìí.

Tansania san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin 1973 sí 1976, ìjọba Julius Nyerere kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù àgbẹ̀ lọ sí abúlé tí a tò ní ìlà, tipátipá ní ibi púpọ̀. Oko jìnnà sí ilé, ọ̀dá tún dé, ìkórè sì já wálẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí ìlànà abà mú le? Etí odò, láìṣe ojúsàájú, nítorí omi kì í bi ẹnìkan bóyá ará ìlú ni tàbí ará oko. Etí ọ̀nà ńlá náà: mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì, ni a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. A mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọjà ti ń tà, àánú àwọn ìyálọ́jà sì ń ṣe wá. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ìjánu rẹ̀ já kò mọ ìsọ̀ iṣu. Ohun tí ìlànà lè ṣe ni kí ó fi ibi tí ìsọ̀ yóò bọ́ sí hàn kí a tó fi ọ̀dà pupa kan ohunkóhun.

Ìjì ni ẹ̀kẹta. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, páànù ilé àti ti ilé ìwé ń ṣí ní ìgbèríko. Àwòrán kan ṣoṣo tí ó fi hàn bí a ti ń de igi òrùlé mọ́ ògiri, tí a kọ ní èdè Yorùbá tí a sì lẹ̀ mọ́ ilé Baálẹ̀, yóò wúlò ju ìwé ìlànà olójú-ewé ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ó sì sọ pé kí a má gé igi tí ó ń gba ìjì dúró nítorí kí ilé lè dojú kọ ọ̀nà.

Ní ti ohun èlò, a rò pé àsìkò tó láti yéé ka ilé alámọ̀ sí ilé tí kò tíì parí. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìkọ́lé àti ọ̀nà ti orílẹ̀-èdè yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ti ṣiṣẹ́ lórí bíríkì tí a fi ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ pò, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí ó ga kúrò nílẹ̀ àti òrùlé tí ó yọ síta dáadáa ni ilé amọ̀ nílò kí ó tó pẹ́. Èyí náà ni ó yẹ kí a kọ sínú ìlànà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó yí Ìbàdàn ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Níbẹ̀, abà lè sùn gẹ́gẹ́ bí abà kí ó sì jí sí àárín ìlú. Ẹbí ta ilẹ̀ oko, ẹni tí ó rà á gé e sí púlọ́ọ̀tì, ilé àjèjì dé ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀, ṣáláńgá ẹnìkan sì bọ́ sí òkè kànga gbogbo abà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ̀ lọ sí odò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò sí nínú sọ́fè ẹnikẹ́ni, nítorí náà ògiri gba orí rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹni tí ó ní ìwé ni ó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Àwọn tí ń sọ pé kí a fi abà sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí àṣà, kò rí èyí. Abà tí kò ní ètò tirẹ̀ lákọsílẹ̀, ètò ẹlòmíràn ni yóò gbé e mì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a ti gba òfin wa àtijọ́, wọ́n ti yí èrò padà díẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 gba àwọn ará àdúgbò láyè, títí kan abúlé, láti kọ ètò ilẹ̀ tiwọn. Bí ó bá yege àyẹ̀wò, wọn yóò dìbò sí i, bí àwọn tí ó fọwọ́ sí i bá sì ju ìdajì àwọn tí ó dìbò lọ, ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa lò ó láti gba ìbéèrè ìkọ́lé wọlé tàbí láti kọ̀ ọ́. A kò sọ pé kí a tún da tiwọn kọ. Owó àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń gbà kò sí ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìpàdé abà wà, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, àwọn olórí gáà tí ọ̀nà màlúù wọn gbọ́dọ̀ hàn nínú ètò kan náà wà pẹ̀lú.

Àwòrán ni ìbẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá rí owó sọ́fè. Kí àwọn àgbà, àwọn obìnrin tí ń pọnmi àti àwọn ọ̀dọ́ péjọ níta Baálẹ̀, kí wọ́n fi igi fa abà náà sórí ilẹ̀: odò àti ibi tí ó máa ń kún dé, kànga, ṣáláńgá, àgbàlá agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ibojì, ibi ìdín gàrí, ilẹ̀ ìsáǹkan, ọ̀nà ẹsẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ tí kò tíì kọ́lé yóò kọ́ ọ sí. Àwọn tí ilé wọn wà ní títì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ìlú ni wọ́n wà, kí a má gbàgbé tiwọn. Ilé ni, kì í ṣe ahoro. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dà á kọ sórí ìwé, kí Baálẹ̀ àti Mọ́gàjí fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé Baálẹ̀, kí wọ́n sì gbé èkejì lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá gbà á fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Kànga ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kí wọ́n sì ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ṣáláńgá tí ó súnmọ́ ọn jù.